Lílọ sí Black Mesa, àlọ àti àbọ̀ ní ọjọ́ kan

Òkè tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Oklahoma kò ní ṣóńṣó. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì, orúkọ rẹ̀ gan-an sì nìyẹn, torí "mesa" ni àwọn elédè Spéènì ń pe tábìlì. Ẹni tó bá ti gun Olúmọ rí, tó wá ń retí pé òun máa fọwọ́ di àpáta mú, á kàn rí i pé koríko lòun ń tẹ̀ lọ, koríko lòun ń tẹ̀ bọ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4,973 sí ojú òkun, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó yí i ká ti ga tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ máa fi ẹsẹ̀ yín gùn kò ju nǹkan bí 775 lọ. Kì í ṣe gíga ló ń mú èèyàn níbẹ̀. Jíjìn ni, àti òfìfo: máìlì 8.4 ní àlọ àti àbọ̀, kò sí omi, kò sí ibòòji tó ṣe é gbára lé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ẹ máa ké sí.

Amarillo ní Texas ni mò ń gbé, láti ibẹ̀ ni mo sì ti ń ka ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá ti Amarillo gbéra lè lọ kó sì padà sùn sórí ibùsùn rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Dallas tàbí Oklahoma City kò lè ṣe é lọ́jọ́ kan àfi tó bá fẹ́ máa toògbé nídìí ọkọ̀. Kí onítọ̀hún wá sùn sí ìlú Boise City tàbí sí Black Mesa State Park, ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tí òkè náà wà, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Nínú ọgbà tí òkè náà wà gan-an, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Ìdájí ni wọ́n ń ṣí i, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í.

Oṣù tó dáa

Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, tàbí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Èmi fẹ́ràn oṣù kẹwàá jù, torí pé àárọ̀ rẹ̀ tutù, ejò sì ti ń dín kù. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, oòrùn lè kọjá 100 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ìjì àti mànàmáná sì fẹ́ràn ọ̀sán àwọn oṣù yẹn. Bó bá jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn nìkan ni ẹ ráyè, ẹ gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, kò sí àdéhùn nínú ìyẹn.

Ojú ọjọ́ Kenton, abúlé tó wà lẹ́bàá òkè náà, ni kí ẹ wò lórí fóònù. Ti Amarillo kọ́. Bí wọ́n bá sọ pé afẹ́fẹ́ máa kọjá 30 máìlì ní wákàtí kan, ẹ sún un síwájú. Àgbègbè yìí wà láàárín gbùngbùn ibi tí ìjì eruku ti jà ní àwọn ọdún 1930. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1935, eruku bo ojú ọ̀run débi pé ọ̀sán dòru. Àwọn àgbẹ̀ ti wá mọ bí a ti ń tọ́jú ilẹ̀ náà lónìí, àmọ́ afẹ́fẹ́ náà kò tíì kó kúrò níbẹ̀.

Ẹrù yín, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dì. Lítà mẹ́rin fún àgbàlagbà kan. Mo mọ̀ pé ó pọ̀ létí, mo sì mọ̀ pé ó wúwo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ìgò omi kékeré méjì ni mo mú dání. Mo ní lọ́kàn ara mi pé iye máìlì tí mò ń rìn lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ kò kéré sí i, kí ló wá kù? Ìgò kejì tán kí n tó kúrò lórí òkè. Nígbà tó ku máìlì kan péré kí n dé ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí, ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Bàbá òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn mi ló wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n fi ìgò kan tó ti dé ìdajì lé mi lọ́wọ́. Omi náà gbóná bí omi tíì. Mo mu ún bí ẹni mu omi àmù.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí: ìgò lítà kan mẹ́rin, mo máa ń da díẹ̀ kúrò nínú méjì, mo sì ń tì wọ́n sínú fíríjì kí wọ́n di yìnyín láti alẹ́. Àwọn méjì tí kò dì ni mo ń kọ́kọ́ mu. Àwọn tó dì máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n á sì tún máa tu ẹ̀yìn mi lára. Ìgò kan gbọ́dọ̀ kún fọ́fọ́ nígbà tí ẹ bá yíjú padà láti orí òkè, lítà méjì sì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn títí ẹ fi máa dé.

Oúnjẹ kò ní wàhálà. Ohun tó ní iyọ̀ tí kì í sì í bàjẹ́ nínú ooru ni kí ẹ mú: ẹ̀pà, kílíṣí, búrẹ́dì. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú kúlà lọ. Ó gbé kúlà náà dé máìlì àkọ́kọ́, ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán níbẹ̀, ó ní òun ti gbádùn ìrìn àjò òun.

Ní ti aṣọ, ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù alápá gígùn tó fẹ́lẹ́ ló dáa. Akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀, tó ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n, ni kí ẹ dé. Abetí ajá kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, tí ẹ sì ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, ni kí ẹ wọ̀. Bàtà tuntun kò bá irú ọjọ́ báyìí mu rárá.

Ẹ fi òòyà sínú àpò, òòyà onírin tàbí ti ike tó le. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan lára àwọn ewéko ẹlẹ́gùn-ún tó wà ní pápá yẹn ni wọ́n ń pè ní cholla. Ó dà bí igi kékeré tí wọ́n fi ẹ̀gún wé láti òkè délẹ̀, bí ẹ bá sì fara kàn án, ẹ̀ka rẹ̀ á já, á lẹ̀ mọ́ aṣọ tàbí ẹran ara. Ẹ̀gún rẹ̀ ní ìkọ́ kéékèèké, ẹni tó bá fọwọ́ fà á, ọwọ́ náà ló máa lẹ̀ mọ́. Bí a ṣe ń yọ ọ́ ni pé kí a ti eyín òòyà bọ abẹ́ rẹ̀, láàárín rẹ̀ àti awọ ara, kí a sì ta á nù lẹ́ẹ̀kan náà, kí a dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò sí èèyàn. Ẹ̀gún tó bá kù sára, ẹ fi èèmú kékeré yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fóònù: ẹ ti gba àwòrán ilẹ̀ náà sórí rẹ̀ láti ilé, torí nẹ́tíwọ̀kì kò ní sí. Bí ẹ bá sì ti kúrò ní Boise City, ẹ pa nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa wá ohun tí kò sí kiri títí bátìrì rẹ̀ yóò fi kú.

Èyí tó kẹ́yìn ni bébà kan. Ẹ kọ ibi tí ẹ ń lọ sórí rẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ yín, àti wákàtí tí ẹ máa pè. Ẹ fún ẹni kan nílé. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ gbangba pé bí òun kò bá gbọ́ ohùn yín títí di aago báyìí, kí ó pe ọ́fíìsì ṣẹ́rífù, ọ̀gá ọlọ́pàá Cimarron County, ìjọba ìbílẹ̀ tí òkè náà wà.

Ọ̀nà ọkọ̀

Ẹ gbéra ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Títì 287 ni ẹ máa tọ̀ lọ sí àríwá: Dumas, Stratford, kí ẹ tó dé Boise City, nǹkan bí wákàtí méjì. Ẹ ra epo níbẹ̀ kí táǹkì kún, kódà bó bá jẹ́ ìdajì ló kù. Ẹ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ilé epo mọ́ níwájú tí ẹ lè fọkàn tán.

Ẹ má sáré kọjá ìlú náà bí kò ṣe nǹkan kan o. Ní ọdún 1908, àwọn kan ta ilẹ̀ ibẹ̀ fún àwọn ará ọ̀nà jíjìn nínú ìwé ìpolówó. Wọ́n ní ìlú tí igi pọ̀ sí ni, wọ́n ní títì rẹ̀ dán. Nígbà tí àwọn tó sanwó gúnlẹ̀, pápá gbígbẹ ni wọ́n bá. Ilé ẹjọ́ dá àwọn tó tà á lẹ́bi. Ẹ ò rí i pé gbájúẹ̀ ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Nígbà ogun Hitler náà, ní òru ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1943, bàálù ológun Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ju bọ́ǹbù ìdánrawò mẹ́fà sí ìlú yìí. Iná àárín ìlú ni àwọn tó wà nínú bàálù rí, wọ́n rò pé ibi tí wọ́n ní kí àwọn fi dánra wò nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kú. Òkúta ìrántí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Láti Boise City, ẹ yà sí títì 325, kí ẹ dojú kọ ìwọ̀ oòrùn fún nǹkan bí máìlì 35. Níbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ náà tẹ́ débi pé ẹ lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó kọjá yín. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya, òkúta á yọrí, ọ̀nà á máa ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ dẹ ẹsẹ̀ lórí iná ọkọ̀ níbẹ̀. Màlúù máa ń sọdá, ẹranko kan tó jọ ẹtu náà máa ń sọdá, kì í sì í wojú ọ̀nà. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí ẹ wọ Kenton, ẹ máa rí ibi tí ẹ máa yà sí ọ̀tún, sí àríwá. Máìlì márùn-ún ni láti ibẹ̀ dé ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ọ̀rọ̀ aago wà níbẹ̀. Àwọn ará Kenton ń lo aago àwọn ará New Mexico àti Colorado, tó fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti ìyókù Oklahoma. Fóònù yín lè fò sí aago kejì nígbà tó bá wù ú, kó tún fò padà. Ẹ so aago sọ́wọ́, aago Amarillo ni kí ẹ sì máa fi ka gbogbo ohun tí ẹ bá ń ṣe.

Ìrìn náà gan-an

Ọ̀nà mọ́tò àtijọ́ kan ni ọ̀nà ẹsẹ̀ yìí, ó fẹ̀, ó sì hàn. Ọfà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń júwe rẹ̀, àga ìjókòó sì wà ní máìlì sí máìlì. Mo máa ń pín in sí mẹ́ta.

Apá kìíní tẹ́jú, ó ju máìlì méjì lọ. Òkè náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní gbogbo àkókò yìí, dúdú, gígùn, ẹ kò sì ní rí ibi tí ẹ lè gbà gùn ún. Ó máa dà bí ẹni pé ẹ ń kọjá rẹ̀ lọ ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé àwọn ti ṣìnà, tí wọ́n sì ń fẹ́ gba inú koríko gé e kúrú. Ẹ má gé nǹkan kan kúrú. Cholla wà nínú koríko, ejò wà lábẹ́ cholla, ilẹ̀ tó wà lápá kejì sì lè jẹ́ ti ẹnì kan tó ń sin màlúù. Ẹ tẹ̀ lé ọfà. Ẹ mu omi ní àga kọ̀ọ̀kan, bí òùngbẹ ń gbẹ yín tàbí kò gbẹ yín.

Apá kejì ni gígun òkè. Ọ̀nà á yíjú sí òkè náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ sọ́tùn-ún, sósì. Òkúta dúdú tó ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ló kún ibẹ̀, nítorí náà gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ fi máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má fi ọmọ ìka gùn. Bí ẹ bá dúró mí, ẹ gbé ọ̀kan nínú òkúta náà wò. Ẹ kọ́kọ́ fi igi yí i kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ó wúwo, ihò wínníwínní sì wà lára rẹ̀ bíi ti búrẹ́dì. Àpáta tó yọ́ bí epo gbígbóná nìyẹn láti inú ilẹ̀, ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún mẹ́ta sí márùn-ún sẹ́yìn. Inú àfonífojì ló ṣàn sí, ibẹ̀ ló sì dì sí. Lẹ́yìn náà ni òjò àti afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀ rírọ̀ tó yí i ká lọ, àfonífojì àtijọ́ wá di òkè. Ẹ dá òkúta náà padà sáyè rẹ̀ o, wọn kì í mú nǹkan kúrò nínú ọgbà yẹn.

Apá kẹta ló ń ba ọ̀pọ̀ lọ́kàn jẹ́. Ẹ ti gun òkè tán, ẹ ti ń mí hẹlẹ, ẹ gbójú sókè pé ẹ ti dé, pápá ni ẹ tún máa rí. Pápá pẹrẹsẹ, koríko kúkúrú, ó sì tún ju máìlì kan lọ. Mo ti rí àwọn tó ya fọ́tò ní etí òkè tí wọ́n sì yíjú padà, wọ́n ní ìyẹn náà tó. Kò tó. Ẹ rọra máa lọ, kò sí òkè tí ẹ máa gùn mọ́.

Ọwọ̀n òkúta gíráníìtì ló wà níparí rẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ, ọ̀rọ̀ sì wà lára rẹ̀ níhà gbogbo. Ìhà kan sọ pé New Mexico wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1,299 sí ìwọ̀ oòrùn, kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Colorado wà ní máìlì 4.7, Texas 31, Kansas 53. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní gbogbo Amẹ́ríkà tó bá ìpínlẹ̀ mẹ́rin mìíràn pààlà bí Cimarron County yìí. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí ìwé wà nínú rẹ̀ kí àlejò lè fọwọ́ sí i. Mo máa ń kọ orúkọ mi pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Ẹni tó bá wá lẹ́yìn mi, kó rò ó.

Ẹ jẹun, ẹ bọ́ bàtà wo ẹsẹ̀ yín, ẹ lẹ báńdéèjì mọ́ ibi tó bá ti ń pọ́n. Ẹ má jókòó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.

Aago méjìlá ni òpin, ibi yòówù tí ẹ bá wà. Bó bá ku ìdajì máìlì kí ẹ dé ọwọ̀n náà tí aago méjìlá lù, ẹ yíjú padà. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ yíjú padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lórí pápá yẹn, kò sí igi tó ga jù yín, ọwọ̀n náà nìkan ló ga jù yín, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ sá lọ dúró tì í.

Ejò

Ejò tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni èyí tó máa ń mi ìrù. Ejò oníṣẹ́rẹ́ ni mò ń pè é, torí ìró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìgbà tí àwọn onísàngó bá mi ṣẹ́rẹ́ kíákíá. Kò wá ìjà. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dúró gbagidi, ẹ fojú wá ibi tó wà, kí ẹ tó rọra fẹ̀yìn rìn kúrò. Ẹ má sọ ọ́ lókùúta. Ẹ má ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta tàbí jókòó sórí ibi tí ẹ kò tíì wò yí ká.

Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ mú un jókòó, ẹ yọ òrùka àti aago kúrò kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ má so okùn mọ́ ọn, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fẹnu fà á, òkúta dúdú tí àwọn kan ń tà nílé kò sì wúlò fún un. Ilé ìwòsàn ni oògùn rẹ̀ wà. Bí ẹ bá pọ̀, kí ẹni tó yára jù lọ wakọ̀ lọ síbi tí nẹ́tíwọ̀kì wà láti pe 911, kí àwọn tó kù rọra gbé e bọ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ kí ẹnì kan dá nìkan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà ti dá lọ rí.

Àbọ̀

Orúnkún ló ń jìyà àbọ̀. Igi ìtìlẹ̀ kan máa ń ràn án lọ́wọ́ níbi òkúta dúdú yẹn. Ẹ kúrú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ara tó ń gbé yín lọ sísàlẹ̀ sọ ọ́ di eré. Tí ẹ bá ti bọ́ sórí ilẹ̀ títẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi tí ẹ ti ń ṣọ́. Lápapọ̀, àlọ àti àbọ̀ máa ń gba ẹni tí ara rẹ̀ dá ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà.

Bó bá ṣì kù díẹ̀ nínú okun yín, ẹ béèrè ọ̀nà odò Carrizo lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá rí. Ẹsẹ̀ dáínásọ̀ wà nínú òkúta ìsàlẹ̀ odò náà, kò jìnnà sí ọ̀nà ọkọ̀ tí ẹ gbà wọlé. Nígbà míì omi tàbí ẹrẹ̀ á ti bò ó, ẹ kò ní rí ju kòtò lọ. Nígbà míì ó máa hàn kedere débi tí ẹ lè fi bàtà yín wọ̀n ọ́n.

Ẹ sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ọkọ̀ kí ẹ tó wakọ̀. Bí ẹ bá sì ti ń sún mọ́ Boise City tí nẹ́tíwọ̀kì dé, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ pe ẹni tí ẹ fún ní bébà. Ẹ pè é kí ẹ tó ra ohunkóhun. Nígbà kẹta tí mo lọ, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù ni mo kọ́kọ́ ronú kàn. Mo mu ọ̀kan tán, mo ra ìkejì, mo tún bá ẹni tó ń tajà sọ̀rọ̀ lórí bọ́ǹbù ọdún 1943. Nígbà tí mo fi máa rántí pe ilé, aago mẹ́fà ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ìyàwó mi gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ aago mẹ́fà síbí o." Ó ti tẹ nọ́ńbà ṣẹ́rífù tán, ó ku kó fọwọ́ kan ìpè.